Ìgbéyàwó Títí Ikú, Ọmọ Púpọ̀ àti Ìtẹ̀dó New England: Ohun tí Oníwàásù Gbọ́dọ̀ Mọ̀ Kó Tó Fa Ìtàn Náà Yọ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ ní ìpàdé àwọn tọkọtaya àti ní àpéjọ ọdọọdún, tí ó sì kún inú ìwé àwọn oníwàásù ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí à ń rà ní ilé ìtàwé wa. Wọ́n á ní Ọlọ́run bùkún Amẹ́ríkà nítorí pé àwọn baba ńlá rẹ̀, ìyẹn àwọn Pùrítánì, di ìyàwó kan mú títí ikú, wọ́n sì bí ọmọ rẹpẹtẹ. Láti ibẹ̀, oníwàásù á bọ́ sí Jẹ́nẹ́sísì 1:28, á kọjá sí Orin Dáfídì 127, á wá sọ fún ìjọ pé kí àwọn náà lọ ṣe bẹ́ẹ̀, kí orílẹ̀-èdè wa lè dára.

Apá kan nínú ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ òtítọ́. Àwọn òpìtàn ti yẹ ìwé àkọsílẹ̀ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú wò ní ìlú kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n rí sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ilé àti ọmọ ló gbé ìtẹ̀dó New England ró. Ṣùgbọ́n apá kejì wà tí àwọn ìwé wọ̀nyẹn kì í sọ: ohun tó mú kí ìgbéyàwó pẹ́, ohun tó fi àyè gba ọmọ púpọ̀, àti ẹni tí ilẹ̀ tí wọ́n pín fún àwọn ọmọ náà jẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra fún ìfàmì-òróró-yàn, àti ẹ̀yin pásítọ̀ tí ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ó dúró níwájú àwọn tí yóò gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ tí wọ́n á sì lọ fi kọ́lé ayé wọn. Ó yẹ kí a mọ ìtàn náà dé ìdí.

Ẹ̀jẹ́ kan náà, ilẹ̀ méjì

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ tẹ̀ dó sí Jamestown, ní Virginia, ní ọdún 1607. Ilé iṣẹ́ oníṣòwò kan ní London ló rán wọn. Ọkùnrin àti ọmọdékùnrin bí 104 ló dúró síbẹ̀. Kò sí obìnrin kan ṣoṣo láàárín wọn. Ebi àti àìsàn pa púpọ̀ nínú wọn, ìgbà òtútù 1609 sí 1610 sì burú débi pé àwọn òpìtàn ṣì ń pè é ní àkókò ebi títí di òní. Nígbà tó yá, tábà di ọ̀gbìn tó ń mówó wọlé, ó sì ń fẹ́ òṣìṣẹ́. Wọ́n wá ń kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́nà tí ẹni tó mọ ìwọ̀fà nílẹ̀ wa yóò tètè lóye: ẹni tó san owó ọkọ̀ fún ọ ni wàá sìn, ní ọdún mẹ́rin sí méje, títí owó náà yóò fi tán lọ́rùn rẹ. Ẹni tó wà lábẹ́ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò lè gbéyàwó láìjẹ́ pé ọ̀gá rẹ̀ gbà. Ní nǹkan bí ọdún 1635, tí a bá ka àwọn tó ń wọkọ̀ bọ̀ ní Virginia, ọkùnrin mẹ́fà ló ń bọ̀ fún obìnrin kan.

Àwọn olówó inú ilé iṣẹ́ náà kì í ṣe wòlíì, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ọkùnrin tí kò níyàwó kì í gbin igi tó máa ń pẹ́ kó tó so. Tábà ló ń gbìn, ó sì ń ronú àtipadà sílé. Nítorí náà ni wọ́n fi kó obìnrin bí 90 ránṣẹ́ ní ọdún 1620 láti wá ṣe ìyàwó níbẹ̀, ọkọ sì ní láti fi tábà san owó ọkọ̀ wọn padà. Ẹ má ṣe yára fi àwọn obìnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́. Púpọ̀ nínú wọn kò ní òbí mọ́.

Ní ọdún 1620 kan náà ni ọkọ̀ Mayflower gúnlẹ̀ sí ibi tí wọ́n sọ ní Plymouth, ní apá àríwá. Ènìyàn 102 ló wà nínú ọkọ̀ náà, tọkọtaya àti ọmọ sì pọ̀ nínú wọn. Kí òtútù àkọ́kọ́ tó kásẹ̀ nílẹ̀, ìdajì wọn ti kú. Nínú obìnrin 18 tó bá ọkọ wọn wá, àwọn tó rí ìkórè ọdún 1621 kò ju márùn-ún lọ. Lẹ́yìn èyí, láti 1630 títí di 1640, nǹkan bí 20,000 ènìyàn tún kó wá sí Massachusetts àti agbègbè rẹ̀, John Winthrop sì ni gómìnà àwọn tó kọ́kọ́ dé. Àwọn wọ̀nyí wá ní agboolé: ọkọ, aya, ọmọ, ọmọ ọ̀dọ̀, nígbà mìíràn pẹ̀lú aládùúgbò àti pásítọ̀ ìjọ tí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá wo bí ọgọ́rùn-ún ọdún náà ṣe parí. Àwọn tó kó lọ sí Virginia àti Maryland láàárín àkókò yẹn ju 100,000 lọ. Àwọn tó kó lọ sí New England kò tó ìdá mẹ́ta wọn. Síbẹ̀, nígbà tí ọdún 1700 fi máa pé, iye ènìyàn tó wà ní ìhà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, nǹkan bí 90,000 níbí, nǹkan bí 90,000 lọ́hùn-ún. Ìhà kan ń rí ènìyàn gbà lọ́dọọdún, ilẹ̀ sì ń gbé wọn mì. Ìhà kejì kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ẹni tuntun gbà mọ́ lẹ́yìn 1640, ṣùgbọ́n wọ́n ń bímọ, àwọn ọmọ ń yè, àwọn náà ń bí ọmọ tiwọn.

Ibí yìí ni oníwàásù sábà máa ń dúró, tí yóò sọ pé ìwà mímọ́ ló fa ìyàtọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Àwọn ará Virginia náà jẹ́ ẹ̀jẹ́ títí ikú níwájú àlùfáà ìjọ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ikú tètè dé. Etí omi ni wọ́n ń gbé. Ibà àti ìgbẹ́ ọ̀rìn ń pa wọ́n lọ́dọọdún. Àìmọye ìgbéyàwó ni kò pé ọdún mẹ́wàá kí ọ̀kan nínú wọn tó kú. Obìnrin a sin ọkọ méjì, mẹ́ta; ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú a máa gbé lọ́dọ̀ ọkọ ìyá rẹ̀, bí ìyá bá tún kú, a máa gbé lọ́dọ̀ àwọn tí kò bá a tan rárá. Ní Middlesex County ní Virginia, púpọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ni ikú gba bàbá tàbí ìyá lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó dàgbà, ilé ẹjọ́ ìjọba ìbílẹ̀ sì ní láti ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ òrukàn.

Ní Andover, ìlú kékeré kan ní Massachusetts tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1646, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Òpìtàn Philip Greven tọ ìdílé ìlú yìí láti ìran dé ìran, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1970. Àwọn ọkùnrin tó tẹ ìlú náà dó pẹ́ láyé tó nǹkan bí 70 ọdún. Tọkọtaya tí ikú kò yà nípá tètè bí ọmọ bí mẹ́jọ, púpọ̀ jù nínú wọn sì dàgbà. Òtútù ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀fọn rọ́wọ́ mú, omi wọn mọ́, wọn kò sì há mọ́ra wọn. Ọmọ wá ń mọ bàbá bàbá rẹ̀ lójú, ohun tó ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, tí a kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ní Virginia.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yẹ kí pásítọ̀ gbọ́ ọ: ẹ̀jẹ́ kan náà ni wọ́n jẹ́, ìlera ló mú kí ti ọ̀kan pẹ́ ju ti èkejì lọ. Ìjọ tó ń wàásù ìgbéyàwó alọ́jọ́gbọọrọ, tí kò bìkítà nípa omi tí àwọn ọmọ ìjọ ń mu tàbí ibi tí àwọn aláboyún ti ń bímọ, kò tíì wàásù dé ìdajì.

Ta ló ń ṣọ́ ẹ̀jẹ́ náà?

Síbẹ̀, ìlera nìkan kọ́. Ẹ̀kọ́ ìsìn àwọn Pùrítánì ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́nà tí a máa ń rò. Lójú wọn, ìgbéyàwó kì í ṣe sákírámẹ́ǹtì. Májẹ̀mú ni, iṣẹ́ ìlú sì ni. Adájọ́ ìlú ló ń so tọkọtaya pọ̀, kì í ṣe pásítọ̀. Ọdún 1692 ni òfin Massachusetts tó gbà ní kedere pé kí pásítọ̀ náà máa so wọ́n pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fojú kéré ìgbéyàwó kóòtù, ẹ rántí pé àwọn tí ẹ ń pè ní àpẹẹrẹ kò mọ òmíràn fún àádọ́rin ọdún.

Ìgbéyàwó àkọ́kọ́ ní Plymouth fi ohun tó wà lọ́kàn wọn hàn. Ìyàwó Edward Winslow kú ní oṣù kẹta ọdún 1621. Ọkọ Susanna White ti kú ní oṣù kejì, ó fi ọmọkùnrin méjì sílẹ̀ fún un, èyí àbúrò jẹ́ ìkókó tí ó bí sínú ọkọ̀ kí wọ́n tó rí ibi tẹ̀ dó. Ní oṣù karùn-ún, Edward àti Susanna fẹ́ ara wọn níwájú adájọ́. Nílẹ̀ wa, àwọn ìyá ọkọ ì bá ti pe ìpàdé ẹbí. Ṣùgbọ́n ìkókó ń sunkún, oko wà láìro, ilé kò sì tíì ní òrùlé tó dáa. Kò sí ẹni tó ń retí kí ìfẹ́ kọ́kọ́ gbóná. Ìgbéyàwó wọn kò túká títí Winslow fi kú sójú òkun ní 1655.

Nítorí pé májẹ̀mú ni wọ́n kà á sí, wọ́n gbà pé ẹni tó bá da májẹ̀mú ti dà á. Èyí ni yóò ya púpọ̀ nínú yín lẹ́nu: New England fi àyè gba ìkọ̀sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yàtọ̀ sí àwọn olówó tí ilé aṣòfin ṣe òfin fún lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí ìkọ̀sílẹ̀ tó fún ènìyàn láyè láti fẹ́ ẹlòmíràn títí di òfin ọdún 1857. Ní Massachusetts, ilé ẹjọ́ ti tú ìgbéyàwó ká ní 1639 nítorí pé ọkọ ti ní ìyàwó mìíràn tẹ́lẹ̀. Plymouth tú ti àkọ́kọ́ ká ní 1661, nítorí panṣágà ọkọ. Panṣágà, ìsásílẹ̀, àìrí ọkọ fún ọdún púpọ̀ àti fífẹ́ méjì ni ìdí tí wọ́n ń gbà. Àwọn tó wá bèèrè fún un kò pọ̀. Mátíù 19 àti Kọ́ríńtì Kìn-ín-ní 7 ni wọ́n ń kà, bí àwa náà ti ń kà á, wọn kò sì rò pé àánú fún ẹni tí a dà yóò wó ilé àwọn yòókù.

Ohun tó ń ṣọ́ ìgbéyàwó lọ́dọ̀ wọn ni pé kò sí ẹni tó ń dá gbé. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, òfin kò fẹ́ kí àpọ́n dá ilé gbé. Wọ́n á ní kí ó lọ bá ìdílé kan. Bí ọkọ àti aya bá ń gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìnídìí, ilé ẹjọ́ á pè wọ́n. Òfin Massachusetts ti 1641 sọ ọ́ ní pàtó pé ọkọ kò gbọ́dọ̀ na ìyàwó rẹ̀, àfi bó bá ń gba ara rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ìyàwó kọlù ú. Ọdún 1641! Pásítọ̀ wà lónìí tí yóò ní kí obìnrin tí ojú rẹ̀ wú padà sílé lọ gbàdúrà, lọ́jọ́ Àìkú kan náà tí ó fi àwọn Pùrítánì ṣe àpẹẹrẹ.

N kò sọ pé kí a dá ìṣọ́ni wọn padà. Ojú aládùúgbò le níbẹ̀, ẹni tí ilé rẹ̀ gbóná sì lè jìyà lọ́wọ́ àwọn tó ń wòye. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìjọ wa gba ẹ̀jẹ́ wọn, ó jogún owó ìgbéyàwó rẹpẹtẹ lé e, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìjẹun, kò sí ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn. Ó ti ṣẹlẹ̀ pé tọkọtaya ti túká fún oṣù mẹ́jọ kí olórí ẹgbẹ́ akọrin wọn tó gbọ́.

Ọmọ, àti ilẹ̀ tí yóò jẹ wọ́n

John Alden àti Priscilla Mullins tí àwọn méjèèjì bá Mayflower wá bí ọmọ mẹ́wàá. Priscilla nìkan ló ṣẹ́ kù nínú ìdílé rẹ̀ tó wá; bàbá, ìyá àti ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kú ní òtútù àkọ́kọ́. Elizabeth Tilley náà sin bàbá àti ìyá rẹ̀ ní òtútù yẹn kan náà. John Howland tí wọ́n fà yọ nínú òkun nígbà tó já bọ́ láti inú ọkọ̀ ló fẹ́ ẹ, ọmọ mẹ́wàá làwọn náà bí. Ẹ kò lè ka èyí kí ẹ má rí ọwọ́ Ọlọ́run nínú rẹ̀, èmi náà rí i. Jonathan Edwards tí a ń kọ́ yín nípa ìsọjí rẹ̀ ní Northampton nìkan ni ọkùnrin láàárín ọmọ mọ́kànlá tí àwọn òbí rẹ̀ bí. Òun àti Sarah ìyàwó rẹ̀ sì bí mọ́kànlá. Bàbá Benjamin Franklin bí ọmọ 17 láti inú ìyàwó méjì, èkejì lẹ́yìn ikú èkíní.

Ẹ fi Cotton Mather sí i, pásítọ̀ ní Boston, kí ìṣirò lè pé. Ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó bí. Méjì péré ló sin ín. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1713, èèyi tó ń sú sí àwọn ọmọdé lára wọ Boston, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ó sì mú ìyàwó rẹ̀ lọ, ó mú ìbejì tí obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ó mú ọmọbìnrin wọn kékeré àti ọmọ ọ̀dọ̀ ilé. Anne Bradstreet, akéwì tó bá ọkọ̀ Winthrop wá ní 1630, bí ọmọ mẹ́jọ. Ó kọ ewì kan sí ọkọ rẹ̀ kí ó tó rọbí, bóyá kò ní padà wá. Nígbà tí ìwé àwọn oníwàásù bá ń ka iye ọmọ, wọn kì í ka èyí mọ́ ọn.

Níbo ni wọ́n ti rí oúnjẹ àti ogún fún ọmọ mẹ́jọ, mẹ́wàá? Ilẹ̀. Ìlú ló ń pín ilẹ̀ fún olórí ilé kọ̀ọ̀kan, bàbá a sì lè ní ohun tó tó pín fún ọmọkùnrin mẹ́rin. Ọmọdé tó tó ọmọ ọdún méje ti ń ṣiṣẹ́ lóko. Franklin fúnra rẹ̀ ló ṣe àlàyé èyí nínú ìwé pélébé kan tó kọ ní 1751: níbi tí ilẹ̀ bá pọ̀ tí kò sì wọ́n, àwọn ènìyàn á tètè gbéyàwó, wọ́n á bí púpọ̀, iye wọn á sì máa di ìlọ́po méjì láàárín ogún sí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kò fi ìwà mímọ́ kún ìdí rẹ̀.

Àwọn àgbà wa náà mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ní ọmọ ni aṣọ ló tún ní ọmọ beere, òṣì beere. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tako ara wọn. Oko ló wà láàárín wọn. Ẹ padà sí Andover. Bàbá tó nílẹ̀ kì í tètè fi ìwé ilẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́, nítorí náà ọmọkùnrin a máa dúró títí dé nǹkan bí ọmọ ọdún 27 kó tó gbéyàwó. Nígbà tó fi di ìran kẹta àti ìkẹrin, ilẹ̀ kò ṣe é pín mọ́. Àwọn ọmọ kó lọ sí Connecticut, wọ́n kó lọ sí New Hampshire, àwọn tó dúró ń bí ọmọ tí kò tó ti bàbá wọn. Orin Dáfídì 127 kò yí padà láàárín àkókò yìí; ilẹ̀ ló tán. Ní nǹkan bí ọdún 1800, obìnrin aláwọ̀ funfun ní Amẹ́ríkà ń bí tó ọmọ méje. Ní 1900, ó ti wálẹ̀ sí àárín mẹ́ta àti mẹ́rin, kí oògùn ìfètòsọ́mọbíbí tó dé ayé. Ṣọ́ọ̀ṣì kún ní àkókò yẹn, ìsọjí sì ń lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá dúró níwájú tọkọtaya tí ń gbé yàrá kan ní Mushin tàbí ní Agége, tí ọkọ ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá tí ìyàwó ń ta ẹ̀wà sísè, ẹ má ṣe fi iye ọmọ Alden lé wọn lórí bí àṣẹ. Jẹ́nẹ́sísì 1:28 jẹ́ ìbùkún kí ó tó jẹ́ ohunkóhun mìíràn, a kì í sì í fi ìbùkún gbowó orí.

Ọmọ ta ni a kò kà?

Mo ti ń fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ falẹ̀ títí di ibí yìí. Ibi tí wọ́n tẹ̀ dó sí ní Plymouth ti jẹ́ ìlú ẹlòmíràn. Patuxet ni orúkọ rẹ̀, àwọn ẹ̀yà Wampanoag ló ń gbé ibẹ̀. Ní 1614, ọ̀gá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan jí ọkùnrin kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Tisquantum, òun àti àwọn mìíràn, ó sì kó wọn lọ tà ní Spéènì. Láàárín 1616 sí 1619, àjàkálẹ̀ àrùn gba etí òkun náà kọjá. Nígbà tí Tisquantum fi rí ọ̀nà padà sílé ní 1619, ìlú rẹ̀ ti di ahoro. Òun náà ló kọ́ àwọn ará Mayflower bí wọ́n ṣe ń gbin àgbàdo ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀.

Winthrop mọ̀ pé wọn yóò bi wọ́n léèrè ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní. Nínú ìwé tó kọ ní 1629 láti dáhùn, Jẹ́nẹ́sísì 1:28 ni ó gbé kalẹ̀: Ọlọ́run fi ayé fún ọmọ ènìyàn kí wọ́n bí sí i, kí wọ́n sì ro ó, àwọn tó wà níbẹ̀ kò fi ọgbà yí ilẹ̀ wọn ká, wọn kò ní màlúù, nítorí náà ilẹ̀ tó ṣẹ́ kù tọ́ sí ẹni tó bá máa ro ó. Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹsẹ náà níbẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run sọ fún gbogbo ọmọ Ádámù di ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yà kan. Àwọn Wampanoag náà ń bímọ, wọ́n ní oko àgbàdo, wọ́n sì ní ibojì àwọn baba wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ atẹ̀dó ń pọ̀ sí i, màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ wọn ń jẹ oko náà, ìlú tuntun sì ń bọ̀ lọ́dọọdún. Ọmọ mẹ́jọ ilé kan ní Massachusetts ní láti rí ibi jókòó sí.

Àwọn ẹrú ìlú náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí àwọn ìwé ìyìn kì í rántí. Òfin 1641 tó dá ìyàwó sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹgba tún fi àyè gba kí a máa ra àwọn àjèjì tí wọ́n bá tà. Ní Virginia, òfin 1662 sọ pé ipò ìyá ni ọmọ yóò jogún. Bí ìyá bá jẹ́ ẹrú, gbogbo ọmọ tó bá bí di ohun ìní ọ̀gá. Ọmọ púpọ̀ ti di ìbísí ọjà. Ní Andover kan náà tí mo ti ń yìn bọ̀, pásítọ̀ kan wà tó ń jẹ́ Samuel Phillips, tó sin ìjọ náà títí ó fi kú ní 1771. Ó kọ ẹ̀jẹ́ kan sílẹ̀ fún ìgbéyàwó àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú. Wọ́n á ṣèlérí láti jẹ́ ọkọ àti aya níwọ̀n ìgbà tí ìpèsè Ọlọ́run bá ṣì jẹ́ kí wọ́n wà níbi tí wọ́n ti lè máa gbé pọ̀. Ó sì rán wọn létí pé ohun ìní ọ̀gá wọn ṣì ni wọ́n. Ó mọ̀ pé ọ̀gá lè ta ọ̀kan lọ́la, nítorí náà ó tún ẹ̀jẹ́ ṣe kí ó lè bá ọjà mu, ó sì pe ọjà náà ní ìpèsè Ọlọ́run.

Èyí tó kẹ́yìn kan àwa tó ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́ gan-an. Ní 1675, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Metacom, olórí àwọn Wampanoag, ọmọ Massasoit tó bá Plymouth dá májẹ̀mú àlàáfíà ní 1621. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní King Philip. Wọ́n pa á ní oṣù kẹjọ 1676. Ṣáájú ìyẹn ni wọ́n ti mú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin wọn, ọmọ bí ọdún mẹ́sàn-án. Ìjọba Plymouth kò mọ ohun tí wọn yóò fi ọmọ náà ṣe, wọ́n sì bi àwọn pásítọ̀ léèrè.

Samuel Arnold ti Marshfield àti John Cotton ti Plymouth kọ ọ́ sílẹ̀ pé Deutarónómì 24:16, tó ní a kò gbọ́dọ̀ pa ọmọ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ bàbá, kò so ọwọ́ ìjọba pátápátá. Wọ́n tọ́ka sí ilé Sọ́ọ̀lù, Ákánì àti Hámánì. Increase Mather, bàbá Cotton Mather, rántí Hádádì nínú Àwọn Ọba Kìn-ín-ní 11, ọmọkékeré tó bọ́ lọ́wọ́ Jóábù tó sì dàgbà di ọ̀tá fún Ísírẹ́lì. James Keith ti Bridgewater nìkan ló kọ lẹ́tà tó yàtọ̀. Ó ní òun mọ̀ pé Orin Dáfídì 137 le, ṣùgbọ́n Deutarónómì 24:16, pẹ̀lú ohun tí Amasáyà ṣe nínú Kíróníkà Kejì 25:4, wúwo jù lọ́kàn òun. Ó rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá ẹ̀mí ọmọ náà sí.

Gbogbo wọn ló ní ìyàwó, gbogbo wọn ló mọ Bíbélì ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Lẹ́tà wọn ṣì wà. Ní oṣù kẹta ọdún 1677, John Cotton kọ̀wé sí Mather, ó sì mẹ́nu kàn án láàárín ọ̀rọ̀ mìíràn pé ọmọ Philip ti ń lọ síbi tí wọn yóò ti tà á. Wọn kò pa á. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.